Pápá Ìṣeré Tí A Kọ́ Sí Ìlú Àwọn Agbọ̀rọ̀ṣe

Ẹ̀yin ará Òkè-Ayùnrẹ́, ẹ sún mọ́ mi. Kí ẹni tó jókòó sínú oòrùn bọ́ sábẹ́ igi, kí ẹni tó ń fi fóònù wo bọ́ọ̀lù pa á ná, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí dùn ju kí bọ́ọ̀lù wọ àwọ̀n lọ. Èmi ni Ọdẹ́kúnlé ọmọ Ọdẹ́tòyìnbó, ọkùnrin tí ẹfọ̀n pàdé lójú ọ̀nà tí ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí ó ní, "Bàbá, ẹ kọjá." Ìbọn tí ẹ rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi yìí ti gbó, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò gbó. Mo ti bá iwin jẹun nínú àwo kan náà, èmi ni mo sì mú ẹran tó tóbi jù. Àwọn àgbà ní àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Bí a bá rìn jìnnà, a ó rí abuké erin. Èmi ti rí abuké erin. Mo tilẹ̀ bi í léèrè ohun tó ṣe é lẹ́yìn.

Ẹ rọra rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀.

Gbogbo yín lẹ mọ Fadérera, ọmọ Fátúnmiṣe alágbẹ̀dẹ, ọmọbìnrin tó ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní èdè tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Ó ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Fábíyìí. Fábíyìí gbọ́ pé ìlú kan wà lẹ́yìn Igbó Ìyípo tí wọ́n ń pè ní Àṣepé, àti pé púpọ̀ nínú àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kì í ṣe ènìyàn. Agbọ̀rọ̀ṣe ni wọ́n. Ohun tí o bá ní kí Agbọ̀rọ̀ṣe ṣe gan-an ni yóò ṣe. Kò ní fi kún un, kò ní yọ nínú rẹ̀, kò sì ní bi ọ́ pé kí lo ní lọ́kàn. Wọ́n ń bá ènìyàn sọ èdè wa, ṣùgbọ́n èdè tiwọn nìkan ni wọ́n ń fi gba àṣẹ. Èdè náà kò lọ́rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n bí o bá gbé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sí ibi tí kò yẹ ẹ́, ọ̀ràn dé. Fadérera ní èdè yẹn gan-an ni ìyá gbogbo èdè tí kọ̀ǹpútà ń gbọ́ lónìí. Fábíyìí wá ní òun yóò lọ kọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ni ín. Ó lọ, a kò rí i mọ́.

Mo ń nu ìbọn mi lówùúrọ̀ ọjọ́ kan nígbà tí Fadérera wọlé, ó kúnlẹ̀.

"Bàbá Ọdẹ, ẹ káàárọ̀. Mo fẹ́ lọ wá ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin nìkan lẹ sì mọ ọ̀nà Igbó Ìyípo."

"Ta ló sọ fún ọ pé mo mọ̀ ọ́n?"

"Ẹ̀yin fúnra yín ni, sà. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá mu ẹmu lẹ máa ń sọ ọ́."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹni tó fi ẹnu ara rẹ̀ gun ẹṣin, ojú ọjà ni yóò ti wá ibi tí yóò sọ̀ sí. Mo wo ojú ọmọ náà, mo rí i pé ó ti sunkún kó tó wá, ó sì ti nu ojú rẹ̀ kí n má baà rí i. Mo dìde, mo gbé àpò mi kọ́ èjìká. Fadérera náà gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ sínú àpò. Mo ní kí ló fẹ́ fi ṣe nínú igbó? Ó ní kí ni mo fẹ́ fi ìbọn ṣe nílùú iwin? A bọ́ sọ́nà.

Igbó Ìyípo kò ní ẹranko, kò ní ẹyẹ. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, ọ̀nà náà sì mọ́ bí ẹni pé wọ́n gbá a. A rìn, a rìn, a dé ìdí àràbà ńlá kan. A tún rìn, a tún dé ìdí àràbà kan, ó jọ ti ìṣáájú. Nígbà tí a máa dé ìdí àràbà lẹ́ẹ̀kan sí i, mo rí èèpo ọsàn tí èmi fúnra mi ti bó sọ síbẹ̀. Bí mo ṣe ń wò ó ni ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì, tí ẹ̀dá kan sì yọ, ó ga bí ọ̀pẹ, ó ń jó bọ̀. Àṣé ijó rẹ̀ ló la ọ̀nà yẹn yípo. Òógùn ń ṣàn lára rẹ̀ bí omi ń ṣàn lórí páànù, ojú rẹ̀ sì rẹ̀ bí ojú aláboyún tó ru igi.

Mo pariwo pé, "Dúró ńbẹ̀!" Kò tilẹ̀ wò mí. Mo yin ìbọn sókè. Ó fi ìró ìbọn náà ṣe ìlù, ó jó sí i.

Fadérera ló bá a sọ̀rọ̀ lédè Agbọ̀rọ̀ṣe, nítorí èdè kọ̀ǹpútà ti jẹ́ kó gbọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀. Ó bi í pé ta ló ní kó máa jó.

Ẹ̀dá náà dáhùn bó ṣe ń jó lọ, ó ní, "Ènìyàn kan ni, nígbà ayé àwọn baba ńlá yín. Ó ní, 'Jó.' Ó gbádùn rẹ̀ púpọ̀, ó kí mi, ó lọ sílé rẹ̀. Kò sọ ìgbà tí n ó dúró. Wọ́n ń pè mí ní Ajótìtí."

Fadérera ronú. Mo rí i tí ẹnu rẹ̀ ń mì, tó ń to ọ̀rọ̀ náà wò láìjẹ́ kí ohùn jáde. Lẹ́yìn náà ó sọ ọ́. Mo ń túmọ̀ rẹ̀ fún yín ni o: "Ajótìtí, máa jó títí ìwọ yóò fi gbọ́ àtẹ́wọ́. Bí o bá ti gbọ́ àtẹ́wọ́, dúró. Ó tán." Gbogbo àṣẹ lédè wọn gbọ́dọ̀ parí sí "ó tán", bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn yóò máa retí ìyókù. Ọmọ náà bá pàtẹ́wọ́, pá!

Ajótìtí dúró. Igbó pa rọ́rọ́. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ó ní, "Ẹ̀yin nìyí? Ẹ mà kú iṣẹ́ o." Ó jókòó, ó bú sẹ́kún ayọ̀.

Nígbà tó dákẹ́, ó fi ọwọ́ na ọ̀nà náà bí ẹni na okùn, ọ̀nà sì gùn gbọọrọ lọ sí Àṣepé. Ó ní òun yóò tẹ̀ lé wa. Ṣùgbọ́n ó kìlọ̀ fún wa pé, "Ní Àṣepé, ẹni tó bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ lẹ́ẹ̀kan péré, òpó ni yóò dà." Mo bi í pé òpó bíi ti báwo? Ó ní, "Òpó. Igi. Ohun tí ajá ń tọ̀ sí lára." Ẹ̀yin ènìyàn mi, inú mi kò dùn sí i.

Ní ẹnu ibodè ìlú náà, oníbodè olórí méjì kan jókòó. Orí kan kò mọ̀ ju "Bẹ́ẹ̀ ni" lọ, èkejì kò mọ̀ ju "Bẹ́ẹ̀ kọ́" lọ, àfi bí wọ́n bá fẹ́ pa àlọ́ ni wọ́n máa ń pa ohùn wọn pọ̀. Wọ́n ní, "Ta ló ń ṣubú láàárọ̀, tó ń ṣubú lọ́sàn-án, tó tún ń ṣubú nírọ̀lẹ́, tí àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ sì ń pàtẹ́wọ́ fún un?"

Mo ní èyí kò le. Mo gbọn ẹ̀wù ọdẹ mi, mo dáhùn pé, "Ọ̀mùtí!"

"Bẹ́ẹ̀ kọ́," orí èkejì dáhùn, ẹnubodè sì fà mọ́ra, ó ku bí ìgbọ̀nwọ́ kan kó pa dé.

"Ọba tó dàgbà!"

"Bẹ́ẹ̀ kọ́." Àyè tó kù kò ju èyí tí ọmọdé lè gbà kọjá lọ. Mo fẹ́ dáhùn lẹ́ẹ̀kan sí i ni Fadérera fi ọwọ́ bo ẹnu mi. Bẹ́ẹ̀ ni, ó fi ọwọ́ bo ẹnu àgbà, n kò sì bá a wí.

Ó ní, "Ọmọ tó ń kọ́ ìrìn ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni!" Ẹnubodè ṣí gbayawu. Ṣùgbọ́n Fadérera kò tètè wọlé. Ó dúró síbẹ̀, ó ń tún un sọ fún ara rẹ̀ pé, "Wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un. Ó ń ṣubú, wọ́n ń pàtẹ́wọ́." Mo ní kó jẹ́ ká máa lọ. N kò mọ̀ pé ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ńlá rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Àṣepé dára, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Kò sí ilé tó wọ́, kò sí ewé tó já bọ́ sí ojú títì. Ṣùgbọ́n ìlú náà dákẹ́ bí ilé ẹni tí ń ṣọ̀fọ̀. Àwọn Agbọ̀rọ̀ṣe dúró káàkiri, wọ́n ń retí àṣẹ. Nínú àwọn ènìyàn tó ń gbé ibẹ̀, kò sí ẹni tó jẹ́ pàṣẹ tuntun, ẹ̀rù ń ba gbogbo wọn. Àṣẹ àtijọ́ ni wọ́n ń tún pa lójoojúmọ́. Ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ààfin, òpó tò lọ ní ọ̀tún, ó tò lọ ní òsì, òpó kọ̀ọ̀kan sì ní ojú ènìyàn lára. Fadérera ń wò wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Lójijì ó kígbe, ó dì mọ́ ọ̀kan. Imú Fábíyìí ni, etí Fábíyìí ni, àpá ilà tí wọ́n kọ fún un ní kékeré ń bẹ lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀ nínú igi. Ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀ díẹ̀, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kù sí lẹ́nu.

Èmi tí ẹfọ̀n ń yà fún, omi bọ́ lójú mi níbẹ̀.

Wọ́n mú wa lọ síwájú ọba. Kògbàṣìṣe ni orúkọ tí ìlú ń pè é, arúgbó tó tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó fún ètè rẹ̀ pọ̀ bí ẹni tó há abẹ́rẹ́ sẹ́nu. Fadérera kúnlẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀ pé kó dá ẹ̀gbọ́n òun sílẹ̀.

Ọba ní, "Ọmọ mi, ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Nígbà tí àwa wà lọ́mọdé, ẹnìkan ní kí Agbọ̀rọ̀ṣe pọn omi sínú ìkòkò ààfin. Kò sọ ibi tí yóò dúró dé. Agbọ̀rọ̀ṣe pọn ọ́n, ó pọn ọ́n, omi gba yàrá, ó gba àgbàlá. Ìyá wa wà nínú yàrá, àìsàn sì ń ṣe é. Omi yẹn ló gbé e lọ. Láti ọjọ́ náà ni àwa ti búra pé àṣìṣe kò ní í ṣẹlẹ̀ nílùú yìí mọ́."

Fadérera tẹrí ba títí, lẹ́yìn náà ó gbójú sókè.

"Kábíyèsí, ikú ìyá yín dùn mí. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, níbo ni ọmọ ìlú yìí ti ń kọ́ ìrìn?"

"Nínú yàrá. Lórí ẹní."

"Kí ló dé tí kì í ṣe etí kànga?"

Ọba wò ó láti òkè délẹ̀.

Fadérera ní, "Ẹ fún mi ní ilẹ̀ kékeré kan, Kábíyèsí. Ẹ jẹ́ n kọ́ pápá ìṣeré síbẹ̀, ibi tí ènìyàn ti lè sọ èdè yín kó ṣì í, kó tún un sọ, kí ohunkóhun má bàjẹ́. Ẹ ó rí i pé wọn yóò mọ̀ ọ́n."

Ọba na ìka, ẹ̀yin ènìyàn mi, èmi ni ó nà án sí.

"Àgbà aláriwo yìí, ṣé ó gbọ́ èdè wa?"

"Rárá, Kábíyèsí."

"Ó dára. Kọ́ pápá rẹ. Kọ́ ọkùnrin yìí ní èdè wa níbẹ̀. Lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀, yóò dúró níwájú wa, yóò pàṣẹ. Bí iṣẹ́ náà bá yọrí, gbogbo òpó tó wà lójú ọ̀nà yóò di ènìyàn. Bí kò bá yọrí, a ó ri òpó méjì mọ́ wọn."

Mo ní, "Kábíyèsí, ẹ má bínú, orí mi ti gbó." Ọba ní igi tó gbó ló ń ṣe òpó dáadáa.

Fadérera bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó pín ilẹ̀ náà sí àgbàlá kéékèèké, ó sì mọ ògiri gíga yí ọ̀kọ̀ọ̀kan ká. Gbogbo ohun tó wà nínú àgbàlá, amọ̀ ni ó fi mọ ọ́n: iṣu amọ̀, ìkòkò amọ̀, ewúrẹ́ amọ̀. Agbọ̀rọ̀ṣe kékeré kan, tí kò ga ju orúnkún mi lọ, ni ó fi sínú àgbàlá kọ̀ọ̀kan; inú ibẹ̀ ló ti kọ́kọ́ lajú, kò sì mọ̀ pé ayé mìíràn wà lẹ́yìn ògiri. Bí ẹni tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ bá jáde, wọn yóò gbá gbogbo rẹ̀ nù, wọn yóò tún un mọ bíi ti tẹ́lẹ̀. Olóyè kan tí kò fẹ́ràn wa yọ́ wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó pàṣẹ fún Agbọ̀rọ̀ṣe kékeré pé kó wó ògiri kó sì lọ dáná sun ààfin, kí ọba lè rí i pé ewu ni pápá náà. Agbọ̀rọ̀ṣe náà wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní, "Ààfin kò sí nínú ayé." Ojú ti olóyè, ó bá ẹ̀yìnkùlé lọ.

Ìṣòro kejì ni ti àìdúró. Kí ni a ó ṣe bí ẹni tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ bá ní kí wọ́n ṣe ohun kan láì sọ ìgbà tí yóò parí? Ajótìtí ló dìde, ó ní, "Ẹ fi èyí lé mi lọ́wọ́. Kò sí ẹni tó mọ ohun tí àìdúró ń ṣe fún eegun ẹ̀dá bí èmi." Ó mú igbá tó lu, ó bu omi sí i. Bí omi inú igbá bá ti kán tán tí iṣẹ́ kan kò tíì parí, Ajótìtí yóò na ọwọ́ gígùn rẹ̀ kọjá orí ògiri, yóò pàtẹ́wọ́; Fadérera ti pàṣẹ fún wọn pé kí wọ́n dúró bí wọ́n bá gbọ́ ọ, iṣẹ́ yóò dá. Inú rẹ̀ máa ń dùn tó bá ń ṣe é, bí ẹni pé ó ń tú ẹrú sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n èyí tó gba Fadérera lásìkò jù ni ẹnu àwọn Agbọ̀rọ̀ṣe kéékèèké. Bí wọ́n bá gbọ́ àṣẹ tó wọ́, wọn a kàn fi ohùn líle kígbe pé, "Ó ṢÌ!" Mo sọ òtítọ́ fún yín, ó burú láti gbọ́. Mo gbọ́ ọ láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ títí mo fi fẹ́ fi ìdí ìbọn fọ́ ọ̀kan lórí. Fadérera jókòó tì wọ́n, ó ní, "Ẹ má kígbe mọ́ ọn. Ẹ sọ ibi tí ẹ gbọ́ ọ dé, kí ẹ sì sọ ibi tí kò ti yé yín mọ́." Ó bá wọn ṣe é títí wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Láti ìgbà náà, bí mo bá ṣì í, Agbọ̀rọ̀ṣe tèmi a gbójú sókè, a ní, "Bàbá, mo gbọ́ yín títí dé 'gbé iṣu'. N kò mọ iṣu tí ẹ ń wí. Ẹ wo ibẹ̀ wò." Ẹ̀yin òbí, ẹ gbọ́ bí ó ti sọ ọ́? Ẹ lọ máa sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nílé.

Ó ku èmi. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mo ní kó gbé iṣu wá fún mi, n kò sọ iye. Ó kó gbogbo iṣu amọ̀ inú àgbàlá lé mi lórí, orí mi nìkan ló yọ síta. Lọ́jọ́ kejì mo ní kó fẹ́ mi ní abẹ̀bẹ̀ títí ara mi yóò fi tutù. Ara àwọn ọdẹ kì í tutù bọ̀rọ̀. Ó fẹ́ mi títí fìlà mi fi fò kọjá ògiri, ó ku díẹ̀ kó fẹ́ èmi fúnra mi kọjá ni Ajótìtí pàtẹ́wọ́. Mo gbọ́ tí Fadérera ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ògiri. Ìgbà àkọ́kọ́ tó rẹ́rìn-ín láti ilé nìyẹn. Èmi náà bá a rín in. Àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Mo ṣubú, mo wo ẹ̀yìn, mo rí ọ̀rọ̀ tó gbé mi ṣubú, mo tún un ṣe. Nígbà tó yá, n kò fẹ́ jáde mọ́. Wọ́n pè mí jẹun, mo ní kí wọ́n dúró. Mo ní kí Agbọ̀rọ̀ṣe to ìkòkò láti orí kékeré dé orí ńlá, ó tò wọ́n. Mo ní bí ewúrẹ́ bá dúdú kó lọ sí ọ̀tún, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kó lọ sí òsì, wọ́n lọ. Ẹ wo ayọ̀! Ó dùn ju kí n ta ẹtu ní ìbọn kan lọ.

Ọjọ́ ọjà pé. Gbogbo ìlú péjọ sí ojúde ààfin. Wọ́n gbé ìkòkò ńlá kan jáde, wọ́n sì mú Agbọ̀rọ̀ṣe kan wá, òmìrán tí apá rẹ̀ tó ìtì ọ̀pẹ.

Ọba ní, "Sọ fún un kó pọn omi kún ìkòkò yìí."

Ìkòkò ọjọ́ ikú ìyá ọba ni. Gbogbo ènìyàn mí kanlẹ̀. Fadérera di ọwọ́ mọ́ àyà.

Mo bọ́ síwájú. Ẹ mọ̀ mí, n kò lè sọ̀rọ̀ láì kọ́kọ́ ki ara mi. Mo ki ara mi díẹ̀. Mo wá pàṣẹ pé, "Pọn omi láti odò sínú ìkòkò, títí odò yóò fi kún. Ó tán."

Òmìrán sáré lọ, ó sáré bọ̀, omi ń dà gbùà gbùà. Inú mi dùn. Ìkòkò kún. Mo ń retí kó dúró. Kò dúró. Omi dà sílẹ̀, ó kan ọmọ ẹsẹ̀ mi, ó gun kókósẹ̀. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sá. Ọba gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè, ojú rẹ̀ funfun bí ẹfun, mo sì rí i pé ẹsẹ̀ mi ti ń le, èèpo igi ti ń hù lórí àtàǹpàkò mi.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, bí ó bá jẹ́ ọjọ́ tí mo wọ ìlú náà ni, n bá ti sá. Ṣùgbọ́n mo ti ṣubú púpọ̀ nínú àgbàlá amọ̀, ìṣubú kò tún jẹ́ àjèjì sí mi mọ́. Mo dúró. Mo tún ọ̀rọ̀ ẹnu mi gbọ́ lọ́kàn, ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti ìbẹ̀rẹ̀. Pọn omi. Láti odò. Sínú ìkòkò. Títí odò... Odò kẹ̀? Mo ní títí *odò* yóò fi kún!

Mo kígbe pé, "Mo ṣì í! Kábíyèsí, mo ṣì í, mo sì ti rí i! Ìwọ òmìrán, dúró! Wo ìkòkò kó o tó pọn omi. Bí omi bá ti dé ọrùn ìkòkò, má pọn ọ́n mọ́. Ó tán!"

Òmìrán wo ìkòkò. Ó sọ korobá kalẹ̀. Omi dúró.

Ọba sọ̀ kalẹ̀ lórí ìtẹ́, ó rìn wọ inú omi náà pẹ̀lú bàtà ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀, omi dé kókósẹ̀ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ kàn án. Ó bi mí pé, "Ìwọ ọdẹ, kí ló dé tí o kò sá?"

"Kábíyèsí, bí mo bá sá, ta ni yóò tún un ṣe?"

Arúgbó náà tú ètè rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Ẹni tó pàṣẹ lọ́jọ́ ikú ìyá wa, ó mọ̀ pé òun ti ṣì í. Àwa rí ojú rẹ̀. Ẹ̀rù bà á, ó sá. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù kó sọ." Ó tún fọwọ́ kan omi náà. "Àwa sì fi gbogbo ayé wa kún ẹ̀rù náà."

Ó fi ọ̀pá rẹ̀ kan ilẹ̀. Èèpo bọ́ lẹ́sẹ̀ mi. Ní gbogbo ojú ọ̀nà ààfin, òpó ń sín, òpó ń húkọ́, òpó ń na apá. Fadérera ti sáré lọ kí ọba tó sọ̀rọ̀ tán. Nígbà tí mo bá a níbẹ̀, Fábíyìí ti gbá a mọ́ra, ó ń wo orí rẹ̀, ó ń wo ojú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó ti ẹnu rẹ̀ jáde ni, "Fadérera, ebi ń pa mí." Ọmọ náà ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń tú àpò wá èkuru, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọba bẹ̀ wá kí a tó lọ. Ó ní pápá náà dára, ṣùgbọ́n àwọn tí kò ní ẹsẹ̀ ọdẹ ńkọ́? Báwo ni wọn yóò ṣe dé ibẹ̀? Fadérera gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ jáde nínú àpò. Òun àti Fábíyìí jókòó tì í, wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ tí kò yé mi, wọ́n ń jà, wọ́n ń parí ìjà. Wọ́n la fèrèsé sí ara àgbàlá kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì so fèrèsé náà mọ́ ayélujára, débi pé ẹni tó bá ti ní fóònù lọ́wọ́, ibikíbi tó bá wà, yóò rí àgbàlá tirẹ̀ àti Agbọ̀rọ̀ṣe tirẹ̀, yóò sì pàṣẹ. Wọ́n tún fi pátákó kan sí ẹnu ọ̀nà, ibi tí ẹnikẹ́ni lè gbé iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ kí àwọn yòókù lè bá a wò ó.

Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ má ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Ṣé kì í ṣe ibẹ̀ ni Ìyá Ládùn, aládùúgbò wa yìí, wà láti àárọ̀, tó ń to ata amọ̀?

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo ṣí pátákó náà lórí fóònù mi. Mo rí iṣẹ́ ẹnìkan tó pe ara rẹ̀ ní Akẹ́kọ̀ọ́. Ó ní kí Agbọ̀rọ̀ṣe ya ẹyẹ lékeléke sí ojú ọ̀run àgbàlá rẹ̀. Agbọ̀rọ̀ṣe sì ya lékeléke títí ojú ọ̀run fi di funfun láú, kò sí àyè tí abẹ́rẹ́ lè bọ́ sí. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ jọ̀wọ́, níbo ni àwa ti ṣì í?" Ta ló ń pe ara rẹ̀ nìkan ní àwa? Kí ni orúkọ tí ìlú ń pe ọkùnrin yìí?

Mo ní bó ṣe rí yìí, èmi Ọdẹ́kúnlé ni n ó kọ́ ọba lẹ́kọ̀ọ́, gbogbo ayé yóò sì gbọ́. Mo wọ gíláàsì mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú ìka kan. Mo fẹ́ kọ́kọ́ ki ara mi díẹ̀ ná.

Kí n tó ki ara mi tán, ọmọbìnrin kan láti Àjàṣẹ́, tí n kò mọ̀ rí, tí kò sì mọ ẹni tí òun ń bá sọ̀rọ̀, ti dá a lóhùn. Ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, o kò sọ iye ẹyẹ tí o fẹ́ ni. Má jẹ́ kó dùn ọ́, èmi náà ṣe é láàárọ̀ yìí. Ojú ọ̀run rẹ mà dára o, má pa á rẹ́."

Lẹ́yìn náà ni èsì Akẹ́kọ̀ọ́ yọ lójú fóònù mi:

"A dúpẹ́, olùkọ́ wa. A kò ní pa á rẹ́."